Ọjọ́ Ọjà Tí Mo Fi Pamọ́ fún Kọ̀ǹpútà

Àwọn tó mọ̀ mí ní Ṣábẹ̀ẹ́ ṣì máa ń fi mí han àwọn ọmọ wọn. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí ìyá yìí? Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìlú yìí." Àwọn ọmọ náà á wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, nítorí pé láti ìgbà tí wọn kò tíì ká eyín ni wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ ṣeré. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín orí ahọ́n lásán ni. Ojú ń tì mí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tì mí, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí rí pé kí ló dé. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí, torí mo ti ń rí i pé bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, mo ń dá ara mi láre díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá tún dúró fún ọdún díẹ̀ sí i, n ó ti di ẹni ire pátápátá nínú ìtàn ara mi.

Ìgbà ìjọba ológun ni, ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà ní orílẹ̀-èdè wa, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamarádì, àtàwọn tó fẹ́ràn ara wọn àtàwọn tí kò lè fojú kan ara wọn. Dàktílò ni mí ní búrò tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè wa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ lẹ́tà. Mo lè tẹ odindi ojú ewé láì wo ọwọ́ mi, mo sì máa ń rí i dájú pé ẹni tó bá wọlé rí i pé n kò wo ọwọ́ mi. Irú ènìyàn tí mo jẹ́ nígbà náà nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà náà bá ọkọ̀ ojú irin dé láti Kútọnú, nínú àpótí mẹ́ta. Wọ́n fi ọmọlanke gbé e gba àárín ìlú kọjá, àwọn èèyàn sì jáde wá wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó. Ọ̀gá wa ti ní kí wọ́n fọ yàrá kan, kí wọ́n ta kọ́tìnì sí ojú fèrèsé nítorí ekuru. Fáànù kan ṣoṣo ni búrò wa ní, yàrá ọ̀gá ló sì wà. Ó yọ ọ́ kúrò lórí ara rẹ̀, ó gbé e fún ẹ̀rọ, òun wá ń fi fáìlì fẹ́ ara rẹ̀. Èmi ni wọ́n mú lọ sí Kútọnú fún ọ̀sẹ̀ méjì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nígbà tí mo padà dé, ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ mọ́. Mo ní aṣọ ìnujú tí mo fi ń nù ún. Mo máa ń bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà kí n tó wọlé lọ bá a. Ìyá mi tó bí mi lọ́mọ, n kò bọ́ bàtà fún un báyẹn rí.

Kí ló wá ṣe ní búrò wa? Kí ó tó dé, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan tó ń kọ ohun tó kọ́ àwọn ọmọ sí lójoojúmọ́. Ọ̀gá a máa gun mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, á ka ìwé náà, á bi olùkọ́ ní ìbéèrè, á fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ yìí fẹ́ gba gbogbo ìyẹn ṣe. Wọ́n ti gé prógíràmù ọdún kan sí ẹ̀kọ́ kéékèèké, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, olùkọ́ á gba pépà kan tó kún fún àpótí kéékèèké. Fíìṣì la ń pè é. Ọjọ́ tó bá kọ́ ẹ̀kọ́, á fa àmì sínú àpótí ọjọ́ náà. Bí oṣù bá parí, gbogbo fíìṣì á dé ọwọ́ mi, n ó kọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì tẹ líìsì jáde: orúkọ gbogbo olùkọ́ àgbègbè, láti orí ẹni tó kọ́ ọmọ jù dé orí ẹni tó kọ́ ọmọ kéré jù. Àwọn ará Kútọnú ní bó bá dára ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn á gbé e lọ sí àwọn àgbègbè yòókù. A sì fẹ́ kó dára, torí a fẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ wa.

Ọkùnrin kan bá ẹ̀rọ náà wá láti Kútọnú láti gbé e kalẹ̀. Ọ̀dọ́ ni, ó ń lo awò ojú, Faransé rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń ṣọ́ ẹnu ara mi bí mo bá fẹ́ dá a lóhùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi jókòó ti ara wa, tí à ń kọ kàlẹ́ńdà ọdún sínú ẹ̀rọ. Ó ń bi mí léèrè, mo ń dá a lóhùn. Ọjọ́ wo ni kò sí ilé-ẹ̀kọ́? Mo ní Àìkú, mo ní ọ̀sán Ọjọ́rú àti ti Àbámẹ́ta, mo ka gbogbo ọjọ́ ọdún àti àsìkò ìsinmi fún un. Ó ń kọ wọ́n wọlé. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè.

"Kamarádì," ó ní, "ní abúlé ìyá mi, bó bá di ọjọ́ ọjà, kì í sí ọmọ ní kíláàsì. Ṣé irú rẹ̀ wà níbí? Bó bá wà, ẹ sọ fún mi, kí n wá àyè fún un nínú kàlẹ́ńdà."

Irú rẹ̀ wà níbí. Bí irú rẹ̀ kò bá sí níbòmíràn láyé, ó wà níbí. Abúlé kan ní ọ̀nà Okpara ni wọ́n ti bí mi, ọjà wa sì jẹ́ ọjà ọrọọrún: bí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́ta á kọjá, wọ́n á tún ná an. Nítorí náà kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ tó bá ti bọ́ sí, kò sí ọmọ tó máa jókòó sí kíláàsì, nítorí ta ni yóò bá ìyá rẹ̀ ru iṣu? Èmi fúnra mi ru iṣu, mo ru èlùbọ́, mo jókòó ti ẹrù títí ọrùn mi fi le. Àwọn olùkọ́ abúlé mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà abúlé mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti bá ara wọn sọ ọ́ láti ayébáyé: ẹ̀kọ́ ọjọ́ ọjà, ọ̀sán Àbámẹ́ta ni wọ́n á fi dí i, tàbí ọ̀sán Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ọjà tirẹ̀, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀. Ọ̀gá tó ń gun mobilẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Ìdáhùn náà kò ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ṣùgbọ́n mo wo awò ojú ọkùnrin yẹn, mo wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, mo sì rí ara mi pẹ̀lú òṣùká lórí. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta bí ẹni tí wọ́n bí sí ìlú ńlá. Mo rẹ́rìn-ín sí i.

"Rárá o, Kamarádì. Ìyẹn ti di ayé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìlú lajú níbí."

Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó ní bí ohunkóhun bá yí padà kí n kọ̀wé sí òun, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin padà lọ.

Nígbà tí fíìṣì oṣù àkọ́kọ́ dé, mo rí ohun tí mo ṣe. Àwọn olùkọ́ inú ìlú kò ní wàhálà, ọjà ìlú kì í dí kíláàsì wọn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olùkọ́ abúlé ni. Wọ́n ti wo fíìṣì náà, wọ́n ti rí i pé kò sí àyè ọjọ́ ọjà, kò sì sí àpótí ọ̀sán Àbámẹ́ta. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n fa àmì sínú gbogbo àpótí láti òkè délẹ̀. Fíìṣì wọn mọ́ tónítóní. Bí a bá ní ká gbà wọ́n gbọ́, kò sí ọmọ kan ní gbogbo àgbègbè Ṣábẹ̀ẹ́ tó lọ sí ọjà lóṣù náà. N kò bínú sí wọn. Èmi ni mo fún wọn ní pépà irọ́, wọ́n sì kọ irọ́ sí i.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ abúlé wa ni, ọ̀nà Okpara, ẹni tó kọ́ èmi gan-an ní kíláàsì kẹfà, tó mú mi gba sẹ́tífíkà mi. Mẹ́tìrì ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá náà ti dàgbà, ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ló kù fún un kí ó fẹ̀yìn tì, kíláàsì kẹfà yẹn náà ló sì ṣì ń kọ́: kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Kò ní ìyàwó mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi, kíláàsì náà sì ni gbogbo ohun tó kù fún un láyé. Ó fi àpótí ọjọ́ ọjà sílẹ̀ lófìfo. Ó wá yí fíìṣì padà, ó fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé kọ gbogbo ẹ̀kọ́ tó kọ́ ní ọ̀sán Àbámẹ́ta àti Àìkú sí ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àti ọjọ́ wọn. Ẹ̀kọ́ kankan kò sonù. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀yìn pépà. Mo kọ ohun tó wà lójú wọlé, ẹ̀rọ pariwo fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, líìsì sì jáde. Orúkọ Mẹ́tìrì ló gbẹ̀yìn, ó sì jìnnà sí ti ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Mo ti líìsì náà sábẹ́ fáìlì, mo mu omi. Ó yẹ kí n kọ̀wé sí Kútọnú lọ́jọ́ yẹn. Àdírẹ́sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí ni n ó kọ? Pé mo parọ́ fún un? Pé abúlé ni mo ti wá? Mo ní kí n dúró wo oṣù kejì.

Láàárín ìgbà náà, ọ̀gá wa ti fi tirẹ̀ kún un. Líìsì náà ti dùn mọ́ ọn nínú, kò rántí mọ́ pé mobilẹ́ẹ̀tì òun ní ẹsẹ̀. Ó kọ ìwé sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn líìsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, tó bá jẹ́ kíláàsì ìdánwò ló ń kọ́, wọn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo tẹ ìwé náà. Mo mọ ẹni tí yóò bọ́ sí lórí kí n tó tẹ ìlà kejì tán, mo sì tẹ̀ ẹ́ dópin, láì wo ọwọ́ mi.

Lẹ́yìn líìsì kejì, Mẹ́tìrì wá sí búrò. Ó gun kẹ̀kẹ́ láti abúlé, eruku pupa bo ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó gbé mi dìde, ó wò yíká yàrá, ó wo ẹ̀rọ, ó wo fáànù.

"Ọmọ mi," ó ní, "ẹ̀yìn fíìṣì mi, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Mẹ́tìrì."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ fi ní n kò kọ́ àwọn ọmọ?"

Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ kì í ka ẹ̀yìn pépà. Ohùn mi rẹlẹ̀. Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kí ó fa àmì sínú gbogbo àpótí bí àwọn yòókù ti ń ṣe, kò sí ẹni tí yóò bi í.

Ó wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tó bú àgbà. "Kí n fa àmì sí ọjọ́ tí kò sí ọmọ kankan níwájú mi? Kí wọ́n wá bi mí lọ́la pé kí ni mo kọ́ wọn lọ́jọ́ náà, kí n ní kí ni?" Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ. "Ta ló sọ fún ẹ̀rọ yìí pé a kì í ná ọjà níbí?"

"Àwọn ará Kútọnú ni, Mẹ́tìrì," mo dá a lóhùn.

Ó gbà mí gbọ́, tàbí èmi ni mo rò pé ó gbà mí gbọ́. Ó ní bó bá jẹ́ àwọn ará Kútọnú ni kò mọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀, à á kọ̀wé sí wọn, wọ́n á mọ̀. Ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ ọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà dára. Kò rojọ́, kò ṣépè, kò bẹ̀bẹ̀. Ó sọ ọjà wo ni wọ́n ń ná ní abúlé wo, ó sọ bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń yí, ó wá sọ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi àpótí kún un fún ọ̀sán Àbámẹ́ta àti ti Àìkú, nítorí àwọn ọmọ tó ń jókòó sí kíláàsì lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ó fọwọ́ sí i. Mo ká a sínú àpòòwé lójú rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, ó ní inú òun dùn pé ọmọ òun ló wà nídìí ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe àlejò. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo fi lẹ́tà náà sínú duróà mi. Mo ní n ó fi ránṣẹ́ lọ́la. Lọ́la dé, mo tún rò ó: bí ọkùnrin aláwò ojú yẹn bá gbà á, yóò rántí pé òun bi mí léèrè. Yóò kọ̀wé sí ọ̀gá mi. Wọ́n á yọ mí kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo ti duróà, mo tì í pa. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan: mo fi kíláàsì bàbá kan pa iyì ara mi mọ́. Èrò náà sì rọrùn fún mi lọ́jọ́ náà, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù títí di òní.

Líìsì kẹta jáde. Ọ̀gá pe gbogbo olùkọ́ àgbègbè sí ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní àgbàlá búrò. Wọ́n ti Adido wá, wọ́n ti Okpara wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn kan àyà. Lẹ́yìn tí a ti pariwo gbogbo ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń ní ká pariwo nígbà náà, ọ̀gá ní kí èmi ka líìsì, nítorí èmi ni mo mọ̀ ọ́n kà jù. Mo dìde. Mo ka orúkọ àwọn tó fa àmì sí ohun gbogbo, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo kà á, mo kà á, mo dé ìsàlẹ̀. Mo ka orúkọ Mẹ́tìrì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn, mo mọ ọjọ́ ọjà abúlé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn.

Mẹ́tìrì dìde. Kò pariwo.

"Kamarádì Ọ̀gá, mo ti kọ̀wé sí Kútọnú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ló ń ka líìsì yìí."

Ọ̀gá yíjú sí mi. "Ṣé òótọ́ ni?"

Gbogbo ojú wà lára mi. Mẹ́tìrì náà ń wò mí, kò sì fi ojú bí ẹni tó ń bínú wò mí. Ó ń retí. Mo ní, "Òótọ́ ni, Ọ̀gá. A ti fi ránṣẹ́. Wọn kò dáhùn ni."

Ọ̀gá ní bí Kútọnú kò bá dáhùn, a jẹ́ pé Kútọnú kò rí ohun tó ń sọ. Mẹ́tìrì wò mí fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Wọ́n gba kíláàsì kẹfà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, oṣù mẹ́ta kí ìdánwò tó dé. Wọ́n gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà yẹn, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ní oko tí àwọn ọmọ ń ro. Wọ́n ní kí Mẹ́tìrì máa bójú tó ti abúlé náà, iṣu àti kajú. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Abúlé wa kò rí irú èsì burúkú bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Ọdún ẹ̀kọ́ mìíràn ti wọlé kí ọkùnrin aláwò ojú tó padà wá láti tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ń yẹ àwọn fíìṣì àtijọ́ wò, ó sì ṣèèṣì yí ọ̀kan padà. Ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé Mẹ́tìrì. Ó kà á, ó yí òmíràn, ó kà á. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó ní, "Ṣùgbọ́n mo bi yín." Ó jókòó, ó fi ọjọ́ ọjà àti àpótí ọ̀sán Àbámẹ́ta àti ti Àìkú kún kàlẹ́ńdà ẹ̀rọ, abúlé kan lẹ́yìn òmíràn, èmi ni mo sì ń pe ọjọ́ wọn fún un, torí mo mọ gbogbo wọn lórí. Iṣẹ́ náà kò gba wá ní ọ̀sán kan tán. Nígbà tó kọ ẹ̀yìn fíìṣì Mẹ́tìrì wọlé, tí ẹ̀rọ yọ àmì irọ́ ọjọ́ ọjà àwọn yòókù kúrò, tó sì tún tẹ líìsì mẹ́ta ọdún tó kọjá jáde, orúkọ Mẹ́tìrì wà lókè, kò sí ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gá gba líìsì náà, ó wò ó, ó fi sínú fáìlì rẹ̀. Ó ní kò sí ìdí láti máa tú ohun tó ti kọjá síta. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

Ó gba oṣù méjì kí ẹsẹ̀ mi tó gbé mi dé abúlé. Mo mú lẹ́tà náà dání. Mo bá Mẹ́tìrì ní oko ilé-ẹ̀kọ́, òun nìkan, ó ń kọ ebè, ó ti bọ́ ẹ̀wù kọ́ sórí igi kajú. Mo kúnlẹ̀ sínú ebè. Mo fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àpòòwé rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìbéèrè tí wọ́n bi mí dé orí duróà, mo ń sunkún bí ọmọdé. Kò ṣí i.

"Mo mọ̀," ó ní.

Mo ní láti ìgbà wo.

"Láti ọjọ́ tí o tẹ̀ ẹ́. O kò ṣí rẹ́jísítà." Lẹ́tà tó bá máa kúrò ní búrò wa, ó ní láti ní nọ́ńbà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ lẹ́tà, kí n sì tẹ òǹtẹ̀ búrò lù ú, kí n tó ká a. Bàbá tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba, báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Ó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rí i tí mo ká a láìní nọ́ńbà, ó sì gbàdúrà fún mi.

"Ẹ wá dìde níwájú ìpàdé, Mẹ́tìrì. Ẹ dárúkọ lẹ́tà náà. Kí ló dé tí ẹ kò sọ pé mi ò fi ránṣẹ́?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo dìde kí o lè rí àyè sọ ọ́ fúnra rẹ. Nígbà tí o kò sọ ọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé ọ. Iṣẹ́ tèmi ku ọdún kan, tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni." Ó mú ọkọ́ rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti fi ọjọ́ ọjà sí i báyìí?"

Mo ní wọ́n ti fi sí i.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Dìde nínú ebè, o ń tẹ iṣu àwọn ọmọ mọ́lẹ̀."

Mo dìde. Mo ti ń retí kí ó bú mi, mo tilẹ̀ ti ń retí kí ó lù mí, ìbá sì tù mí lára bó bá lù mí. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Inú oko yẹn ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, èmi sì wà nídìí ẹ̀rọ mi, ní ipò tí ó fi kíláàsì rẹ̀ rà fún mi, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.